Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní "obìnrin bí ọkùnrin" mọ́

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí, torí náà tí mo bá sọ̀rọ̀ kọjá àyè, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Télọ̀ ni mí, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń jẹun nídìí máṣíìnì, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi jẹ́ mẹ́fà, tí ìwé ìròyìn yín bá ti dé ní Sátidé, ẹni tó mọ̀wé kà jù nínú wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa kà á sókè, àwa yòókù á máa ránṣọ, a ó máa gbọ́.

Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ gbé ìròyìn obìnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe jáde. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ló hàn síta, pẹ̀lú ọwọ́ kan tó di sípánà mú. Lókè fọ́tò yẹn ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: "Obìnrin bí ọkùnrin!" Àwọn ọmọ mi pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́, a tún wúre fún un pé Ọlọ́run á jẹ́ kó rọ́wọ́ mú. Àmọ́ nígbà tó dalẹ́ tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi, torí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀ létí mi lọ́dún yìí, ẹnì kan ti sọ ọ́ sí èmi gan-an lójú nílé bàbá mi, màá débẹ̀.

Ẹ bá mi rò ó wò. Obìnrin yẹn ló lọ kọ́ṣẹ́. Òun ni òróró ẹ́ńjìnnì dúdú há sábẹ́ èékánná, òun ló ń gbé jáàkì, òun ni àwọn oníbàárà ń wò láti òkè délẹ̀ tí wọ́n á sì ní "ọ̀gá yín ńkọ́?" kí wọ́n tó lè gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lé e lọ́wọ́. Nígbà tó wá mọ iṣẹ́ tán tí òkìkí ẹ̀ kàn, ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ gbé e fún ọkùnrin. Ohun tí àkọlé yín sọ ni pé nǹkan dáadáa tó ṣe yẹn, ti ọkùnrin ni, ó kàn yá a lò.

Gbogbo wa là ń sọ ọ́ o, mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Ẹni tó bá láyà, a ní ó ṣe ọkùnrin. Ẹni tó lè kojú ogun, akọni ni, ẹ ṣáà gbọ́ "akọ" tó wà nínú ẹ̀. Òkúta tí dígà ò ràn, akọ òkúta, ibà tó bá fẹ́ gbẹ̀mí èèyàn, akọ ibà. Ọkùnrin tó bá wá ń bẹ̀rù, wọ́n á ní ó ń ṣe bí obìnrin, èyí tó bá lẹ́nu jù, wọ́n á ní ẹnu ẹ̀ dà bí ti obìnrin, bí ẹni pé àwọn tó ń pariwo l'Ábújá látàárọ̀ ṣúlẹ̀, obìnrin ni wọ́n.

Mo ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní ó ń rán kọ́là, kò fọkàn sí i, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gba inú ìka ẹ̀ kọjá, ó sì kán síbẹ̀. Ọmọ náà figbe ta, omi ń dà lójú ẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni "dákẹ́ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin ni ẹ́ ni?" Àwọn ọmọbìnrin márùn-ún ló jókòó síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ti gún gbogbo wọn rí, ìkankan nínú wọn ò pariwo tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹnu fà, wọ́n á ki ìka bọ kẹrosíìnì, wọ́n á tún padà sídìí iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn gbójú sókè, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó padà sórí aṣọ ẹ̀. Ojú tó fi wò mí yẹn, mo ṣì ń rí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Yorùbá tá à ń sọ yìí ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ṣe irú èyí. Òyìnbó ò lè sọ gbólóhùn méjì nípa ẹnì kan kó má sọ bóyá akọ ni àbí abo, he àbí she. Yorùbá ní "ó", ó parí. Ó wá, ó jẹun, ó sùn. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, ì báà róṣọ, ì báà wọ ṣòkòtò. Àbúrò, ọmọ, ọba, olórí, àgbà, ọ̀rẹ́, kò sí èyí tó yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin kan obìnrin kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé, bí mo ṣe pe orúkọ wọn fún yín yìí ẹ ò lè sọ èwo ni ọkùnrin nínú wọn, torí bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn wá sáyé ni orúkọ yẹn ń sọ. (Kẹ́hìndé ni obìnrin, òun náà sì lẹ̀gbọ́n.)

Tíṣà wọn fún wọn níṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ kan pé kí wọ́n tú àwọn gbólóhùn kan láti Yorùbá sí òyìnbó. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju "Dókítà wọlé. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì bá kí i, ó sì fún un ní àga." Mo yọjú wo ìwé wọn. Táíwò kọ he fún dókítà, she fún nọ́ọ̀sì. Kẹ́hìndé náà kọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, wọn ò sì wo ti ara wọn. Mo bi Kẹ́hìndé pé níbo ló ti rí he nínú ohun tí tíṣà kọ? Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi, ó ní, "Màámi, dókítà mà ni." Ọmọ yìí, dókítà obìnrin ló gbé òun àti èkejì ẹ̀ jáde nínú mi, fọ́tò ibi tí dókítà náà ti gbé wọn dání méjèèjì wà lára ògiri pálọ̀ wa, abẹ́ ẹ̀ gan-an ló jókòó sí tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà. "Ó" tí Yorùbá fún un, ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá ló sì ti mọ ẹni tí kò yẹ kó gbà á wọlé. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni, ẹ̀yin ni, gbogbo ìgbà tá a bá ti la ẹnu.

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan tó jẹ́ lọ́yà ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu lórí ọmọ, ó ní kí n lọ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Apá 131 tó sọ ẹni tó lè du ipò ààrẹ, he ni wọ́n kọ síbẹ̀, he gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí látìgbà tí wọ́n ti bí i, he gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n á ní he yẹn kó obìnrin náà mọ́ra. Ó dáa. Kí ẹ wá lọ sí apá 26, ẹ ó rí i pé obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ò sí níbẹ̀ rárá. Ọkọ lè sọ aya di ọmọ onílẹ̀, aya ò lè sọ ọkọ dà á. Níbẹ̀ wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín akọ àti abo dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Èmi ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ju àbúrò mi ọkùnrin lọ, torí àwọn méjì tó wà láàárín wa ò dúró. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sunkún títí tó fi èébì ba aṣọ mi jẹ́. Títí dòní tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi á dọ̀bálẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ gidi tí àyà ń kanlẹ̀, á ní "ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi", kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kí ló dé tí ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin, torí àgbà làgbà ń jẹ́ nílẹ̀ wa.

Nígbà tí ìnáwó dé, wọ́n pín ẹrù, owó màlúù bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo dá aṣọ ẹgbẹ́ méjì tí mo ti gbà padà fún oníbàárà kí n lè gbájú mọ́ aṣọ ìgbéyàwó tó máa mú owó ńlá wá, mo kó àjọ mi, mo ka owó náà lé àbúrò bàbá mi lọ́wọ́. Bàbá Kékeré là ń pè wọ́n. Inú wọn dùn, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n wá ní "bọ́kùnrin réjò, tóbìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni o. Inú èmi náà dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́.

Kí n tó mọ̀, wọ́n ti lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ ògiri àdúgbò. Orúkọ àbúrò mi ló ṣíwájú gbogbo ọmọ. Èmi, "Mrs." ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ bàbá ọkọ mi parí ẹ̀. Orúkọ tí bàbá mi fi ẹnu ara ẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ tí mo dáyé ò sí lára ìwé òkú bàbá mi.

Ọjọ́ kẹta tá a sìnkú tán, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Mo wọlé, mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Kékeré ní, "Ìyá Ìbejì, bá wa lọ wo àwọn tó ń dáná lẹ́yìn, ọkùnrin ilé la fẹ́ bá sọ̀rọ̀." Wọn ò jágbe mọ́ mi o, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí èèyàn ṣe ń ní kí ọmọ bá òun mú omi wá. Mo wo àbúrò mi, ó ń wo fóònù ẹ̀. Mo dìde.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé, mo mú ṣíbí, mo fẹ́ máa bu ìrẹsì. Ìyàwó àbúrò mi sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó ní "háà, ọkọ mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí àwa ìyàwó ilé ṣe é." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àṣà, ẹ mọ̀ pé kò ṣàṣìṣe. Nílé bàbá mi, ọkọ ni mo jẹ́ fún gbogbo obìnrin tí wọ́n bá fẹ́ wọ ibẹ̀. Bó ṣe rí nílé ọkọ tèmi náà nìyẹn, nígbà tí wọ́n gbé mi débẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ pe ọmọ ọdún mẹ́rin lórúkọ, àwọn ọmọbìnrin inú wọn náà ọkọ mi ni wọ́n, mo fún wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Adúmáradán. Ìyẹn ni pé Yorùbá ti fún mi ní ipò ọkọ nílé tí wọ́n bí mi sí. Mo wá dúró lẹ́yìnkùlé, ìyàwó ilé ń pè mí lọ́kọ, àwọn tó wà ní pálọ̀ sì ti lé mi jáde pé mi ò kí ń ṣe ọkùnrin ilé. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Mo ń gbọ́ wọn. Ẹnì kan ní "ó ti lọ sílé ọkọ, ti ibẹ̀ ló kù." Wọ́n ní àbúrò mi ni Dáwódù, wọ́n kó ìwé ilé fún un. Ìyá mi tó ti gbé inú ilé yẹn ju ogójì ọdún lọ, tó ru yanrìn tí wọ́n fi mọ ọ́n, jókòó sórí ẹní nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ dúdú, ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́yà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé àṣà ò sí lẹ́yìn ohun tí wọ́n ṣe fún mi. Àwa Yorùbá kì í yọ ọmọbìnrin kúrò nínú ogún bàbá ẹ̀. Yálà ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, tí wọ́n ka iye ìyá, àbí orí-ó-jorí, tí wọ́n ka iye ọmọ, ọmọ ṣáà ni wọ́n ń kà, wọn kì í bi ọmọ bóyá ó wà nílé ọkọ. Ó ní ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá l'Ékòó láti 1908, ti Lewis àti Bankole, tí kóòtù ti sọ pé tí àkọ́bí ọkùnrin bá ti kú, ọmọ tó bá dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn láti di olórí ẹbí, ì báà jẹ́ obìnrin. 1908 o! Bàbá bàbá mi gan-an ò tíì fẹ́yàwó. Ti ìyá mi lọ̀rọ̀ wá le. Bàbá àti ìyá mi ò ṣe ìgbéyàwó kóòtù, ti ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe, bàbá ò sì kọ ìwé ìpíngún sílẹ̀. Lórí irú èyí, kóòtù tó ga jù nílẹ̀ yìí nígbà náà ti sọ ọ́ ní 1957, nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu, pé lójú àṣà Yorùbá aya kì í jogún ọkọ ẹ̀. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, wọ́n tún sọ pé lójú àṣà yẹn, opó gan-an wà lára ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ tí ẹbí máa bójú tó. Mo ní kó tún un kà fún mi. Ó tún un kà. Lára ohun tó fi sílẹ̀, bí àga, bí oko kòkó. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bá a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu, a ní wọ́n ṣú obìnrin lópó, obìnrin ni wọ́n ń ṣú, mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ṣú ọkùnrin.

Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n tún pe ìpàdé. Lọ́jọ́ yẹn, àga àárín pálọ̀ ni mo jókòó sí. Bàbá Kékeré tún ní kí n bá wọn wo ẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn dáadáa, mo ní "Bàbá mi, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé obìnrin ló pa ejò. Mo wá gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ pín in ni." Mo tún dìde, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó yíjú sí àwọn yòókù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Ìbejì ti di ọkùnrin." Gbogbo pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ara tu oníkálukú, ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, ẹ wá rí i. Wọ́n gbà kí n jókòó, torí mo ti di ọkùnrin. Àkọ́bí tí mo jẹ́ ò tó, owó màlúù ò tó, ọkọ tí ìyàwó ilé ń pè mí ò tó. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi ẹnu yọ mí kúrò nínú obìnrin kí etí wọn tó lè gbọ́ mi. Àbúrò mi wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ojú ń tì mí ni." Mo ti dárí jì í. Ìwé ilé ti wà lọ́wọ́ lọ́yà báyìí, orúkọ gbogbo ọmọ ló máa wà nínú ẹ̀, ìyá wa á sì wà nínú yàrá ẹ̀ títí Ọlọ́run á fi pè é. Àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn yín dé.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní Yorùbá ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin, ṣebí ìyá ni wúrà, ṣebí òrìṣà bí ìyá ò sí. Òótọ́ ni, èmi náà ń gbádùn ẹ̀, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìbejì lọ́tùn-ún lósì. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ìyá nìkan ló ń gba ìyìn yẹn. Obìnrin tí ò bímọ ńkọ́? Mo ní àǹtí kan tí wọ́n pè ní àgàn fún ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n pè é lẹ́yìn, wọ́n pè é lójú, orogún kọ ọ́ lórin. Nígbà tó yá dókítà kan fi dandan lé e pé kí ọkọ náà wá ṣe àyẹ̀wò. Àtọ̀dọ̀ ọkọ ni. Ẹ mọ ohun tí ẹbí wá ń sọ? "Bọ̀dá ní ìṣòro díẹ̀." Ìṣòro díẹ̀! A ní akúra, a ní òkóbó, àmọ́ ìyẹn fún ẹni tí nǹkan ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ ni. Ọkùnrin tó lágbára, tí kò kàn lè fún obìnrin lóyún, mi ò mọ orúkọ kan tí àdúgbò ní fún un. Obìnrin tó bá kúrò nílé ọkọ, dálémoṣú. Ọkùnrin tó lé ìyàwó mẹ́ta jáde tó ń dá gbé, Bọ̀dá ni, wọ́n á tún máa bá a wá ìyàwó. Aṣẹ́wó ní orúkọ, ẹni tó gbé owó lọ bá a lóru ò ní. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á ní èyí tó dáa ni ti bàbá, èyí tí ò dáa ni ti ìyá.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú ò kí ń ṣe tèmi, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù kẹwàá 2016, tí Ààrẹ Buhari wà ní Jámánì, tí Aisha ìyàwó ẹ̀ ti sọ fún àwọn BBC pé òun lè má ti ọkọ òun lẹ́yìn tó bá tún fẹ́ dupò. Àwọn oníròyìn bi ààrẹ, ó fèsì pé ilé ìdáná òun, pálọ̀ òun àti yàrá kejì ló ni ìyàwó òun. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ ni Angela Merkel, obìnrin tó ń ṣàkóso gbogbo Jámánì nígbà náà. Nílé níbí, a fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó tó oṣù méjì tí àwọn ọkùnrin tó wá gbé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ń bi àwọn ọmọbìnrin mi pé ṣé wọ́n ti mọ ọ̀nà yàrá kejì. Àwọn ọmọ á sọrí kọ́, wọ́n á máa ránṣọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, Sẹ́nétọ̀ Biodun Olujimi láti Èkìtì ti gbé àbá òfin lórí ẹ̀tọ́ dọ́gba wá sílé ìgbìmọ̀, wọ́n dà á nù. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, wọ́n tún da àwọn àbá tó máa fún obìnrin láyè sí i nù, àwọn obìnrin lọ kóra jọ sẹ́nu géètì wọn. Àwọn sẹ́nétọ̀ jẹ́ 109, níbi ìbò 2023 obìnrin mẹ́ta ló wọlé, kóòtù ló fi ẹnì kẹrin kún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dupò nílẹ̀ yìí, wọ́n á ní kó lọ wá bàbá ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́ ìyá ìsàlẹ̀ rí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé obìnrin ilẹ̀ wa ò ṣe nǹkan rí. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin tí Funmilayo Ransome-Kuti ṣáájú lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà ààfin lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947, nígbà tó fi di oṣù kìíní 1949 Aláké ti kúrò láàfin. N'Ìbàdàn níbí, ère Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà wà ní Challenge, mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ ra òwú. Ẹ bi ọmọdé èyíkéyìí kí ni Ẹfúnṣetán ṣe, á ní ìkà ni. Òun ló ń ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun ìlú yìí. Ní 1874 tí Ààrẹ Látòósà fẹ́ yọ ọ́ lóyè, ẹ̀sùn tó kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n yọ ọ́, kò pẹ́ wọ́n ní kí àwọn ẹrú ẹ̀ pa á lóru. Mi ò sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní ẹrú, ó sì le mọ́ wọn. Àmọ́ àwọn ọkùnrin tó lọ jó ìlú onílùú, tó kó àwọn ẹrú yẹn wálé, akọni là ń pe àwọn, oríkì wọn là ń kì níbi ìnáwó.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Ẹ fi àkọlé yẹn sílẹ̀, tí obìnrin bá mọṣẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ó mọṣẹ́. Ojú ewé obìnrin yín, láti ìgbà tí mo ti ń rà á, ọbẹ̀ àti bí a ṣe lè di ọkọ mú ló wà níbẹ̀, ẹ fi owó ṣọ́ọ̀bù sí i, ẹ fi ọ̀rọ̀ ogún sí i, ẹ ní kí lọ́yà kan máa dáhùn ìbéèrè, mo mọ ogún obìnrin ní òpópónà yìí nìkan tí wọ́n máa rà á nítorí ìyẹn. Tí ọkọ bá pa aya ẹ̀, ẹ má kọ ọ́ mọ́ pé "ìjà lọ́kọ-láya yọrí sí ikú", bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ pa á.

Obìnrin mẹkáníìkì yẹn ńkọ́? Mo ti ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sọ iye ọmọ tó bí, ẹ sọ iṣẹ́ tí ọkọ ẹ̀ ń ṣe, ẹ sọ ohun tí ọkọ ẹ̀ wí, ẹ tẹ orúkọ ọkọ náà méjèèjì. Òun fúnra ẹ̀, Ìyá Lágbájá ni ẹ pè é láti òkè délẹ̀. Mo ní mọ́tò kan tí mo fi ń kó aṣọ tó ń yọ èéfín dúdú, mo fẹ́ gbé e lọ bá a, mi ò sì mọ orúkọ tí mo máa béèrè tí mo bá débẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bi í, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Sátidé tó ń bọ̀.

Orúkọ tèmi wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, mo kọ ọ́ gàdàgbà, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ lẹ́tà yìí, òun ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ ẹ̀, ẹ má kọ Ìyá Ìbejì.